Orúkọ Tó Ṣì Wúwo Lẹ́nu

Olè ni Romuald jà. Kò fọ́ ilé, kò já àpò, ṣùgbọ́n olè ni. Ohùn ìyá arúgbó kan ló jí, ní ọ̀sán gangan, lẹ́sẹ̀ àpáta tó wà lójú ọ̀nà Sakin. Pọ́tábù, fóònù alágbèéká tó wà ní àpò àyà rẹ̀, ló fi jí i, ó sì gbé e lọ sórí rédíò kí gbogbo Ṣábẹ̀ lè fi ṣeré. Mo kọ́kọ́ sọ èyí ná, nítorí pé àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti ibi ẹ̀rù, wọ́n á fi ẹ̀rù bo olè mọ́lẹ̀. Èmi kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àbẹ̀ní ni ìyá náà. Òun ló bí ọkọ mi. Ọkọ mi ti kú, ṣùgbọ́n n kò kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Èmi ni mò ń se oúnjẹ fún un, òun ló ń bá mi wí. Zénabou ni orúkọ mi, Ìyá Latifou ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò. Mùsùlùmí ni mí. Ìyá ọkọ mi kì í ṣe Mùsùlùmí, kì í sì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì. Àwọn ènìyàn bi mí pé kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ náà, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́.

Kí àwọn baba ńlá wa tó dé sáàárín àwọn òkè Ṣábẹ̀, àwọn kan ti wà níbẹ̀. Èdè wọn kì í ṣe èdè wa. Èdè náà ti kú. Kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn láàárọ̀, tàbí ohun tí wọ́n ń pe omi. Orúkọ àwọn ẹranko ìgbẹ́ nìkan ló kù nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn ẹranko kò gbàgbé orúkọ wọn bí ènìyàn ti gbàgbé. Ìran ìyá ọkọ mi ló ń tọ́jú àwọn orúkọ wọ̀nyí, láti ẹnu obìnrin sí etí obìnrin.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Nígbà ọyẹ́, kí àwọn àgbẹ̀ tó ti iná bọ igbó, obìnrin náà á lọ sí ẹsẹ̀ àpáta, á pe ẹranko kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àtijọ́ rẹ̀ pé kó jáde. A kì í sun ilé onílé mọ́ ọn lórí. Nígbà tó bá pè é tán, á wá sọ ọ̀rọ̀ ìtúsílẹ̀ fún un, pé kó gba apá odò Okpara lọ ní àlàáfíà. Ìpè jẹ́ ìdajì, ìtúsílẹ̀ jẹ́ ìdajì. Ẹni tó bá pè tí kò tú sílẹ̀ ti dá àlejò dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò ní kó wọlé, kò ní kó máa lọ.

Ohun kan tún wà. Orúkọ ẹranko tó bá ti tán nínú igbó a máa fúyẹ́ lẹ́nu. Orúkọ àtijọ́ tí wọ́n ń pe erin ti di orin tí a fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ti ẹfọ̀n ti di ọ̀rọ̀ eré lẹ́nu àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó ṣì wúwo. Ìyá sọ fún mi pé bí òun bá fẹ́ pè é, ó máa ń dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ahọ́n gbé ọlọ. Àwa kì í dárúkọ ẹranko yìí, kódà ní èdè tiwa. Ará Òkè ni à ń pè é. Àwọn kan ní ẹkùn ni. Àwọn kan ní ẹkùn ń sá fún un. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti tán láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Okpara. Ìyá a máa rẹ́rìn-ín bó bá gbọ́ èyí.

"Bó bá ti tán," á ní, "kí ló dé tó ṣì ń wúwo lẹ́nu mi?"

Mo ti gbọ́ orúkọ náà báyìí, gẹ́gẹ́ bí gbogbo Ṣábẹ̀ ti gbọ́ ọ. N kò ní kọ ọ́ síbí.

Ọmọ àdúgbò wa ni Romuald. A mọ bàbá rẹ̀, a sì jẹun ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Ó ń ṣe ètò àárọ̀ ní ilé rédíò kan nílùú, ohùn rẹ̀ dùn, ó mọ̀ pé ó dùn. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó ní òun á bá Ìyá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ àpáta, nítorí pé Ìyá ti dàgbà. Ìyá súre fún un. Ó jókòó lórí àpótí náà, ó pe àwọn ẹranko, ó tú wọn sílẹ̀, ó sì padà wálé. Romuald gbé àpótí náà padà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó gbé nǹkan mìíràn pẹ̀lú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń fẹ́ná lábẹ́ ìkòkò, Ìyá sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ṣa ẹ̀wà. Rédíò ń sọ̀rọ̀ nílé Àdìjá, aládùúgbò wa. Ìyá ní, "Zénabou, mú iyọ̀ yẹn—" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dúró sí. Ní àkókò yẹn gan-an, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ilé Àdìjá. Ohùn rẹ̀ ni, ó ń pe Ará Òkè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rín Romuald: "Ta ló mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ pè wá!"

Mo wo Ìyá. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, ohùn kò jáde. Kì í ṣe pé ohùn rẹ̀ há. Kò sí ohùn níbẹ̀ ni. Kò tilẹ̀ wò mí. Ẹ̀yìn mi ló ń wò, ó sì sún díẹ̀ lórí àpótí rẹ̀, bí ẹni tó ń fi àyè sílẹ̀ fún àlejò.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, orúkọ náà ti kún ìlú. Ọkùnrin kan pe rédíò, ó ní èébú àwọn Fọ̀n ni. Òmíràn ní bí ìyá ìyàwó òun ṣe ń hanrun nìyẹn. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́ gba ohùn náà, wọ́n fi ṣe ìpè pọ́tábù wọn. Ní gbogbo ọjà, Ìyá Àbẹ̀ní ń pe Ará Òkè láti àpò ṣòkòtò, láti inú agbọ̀n, láti orí alùpùpù àwọn zém tó ń gbé èrò. Ìpè nìkan ni. Romuald ti gé ìtúsílẹ̀ dànù.

Koríko ẹ̀yìn ilé ìdáná wa ni mo kọ́kọ́ rí. Ó dùbúlẹ̀ bí ìgbà tí màlúù bá sùn lé e. A kò ní màlúù. Mo fi ọwọ́ kàn án, ó gbóná. Àwọn ewúrẹ́ wa dúró, gbogbo wọn kọjú sí ibẹ̀, wọn kò jẹ, wọn kò ké.

Lẹ́yìn náà ni Chimène pè mí lọ́jà. Ọmọbìnrin tó ń dín wàrà tí a fi ẹ̀wà sójà ṣe ni Chimène, ẹlẹ́rìn-ín ènìyàn ni. Lọ́jọ́ náà kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Latifou, ẹ wá wo nǹkan. Lánàá mo gbé ààrò mi kúrò níbí, mo gbé e lọ sí ọ̀hún. Ẹ wo koríko ẹ̀yìn mi. Ti ọ̀hún náà ti dùbúlẹ̀."

"Ṣé ohùn yẹn ni pọ́tábù rẹ fi ń pè?"

"Gbogbo ayé ló ń fi í pè, Ìyá."

"Gbogbo ayé kọ́ ni mo bi ọ́."

Ó sorí kọ́. "Mo ti pa á rẹ́. Kò lọ." Ó wá rọra sún mọ́ mi. "Ó ń mí. Bí epo bá dákẹ́ nínú agbada, mo máa ń gbọ́ ọ. Ó ń mí bí ẹni tó ń retí ẹnìkan."

Mo gba ilé rédíò lọ láti ibẹ̀. Mo bá Romuald àti ọ̀gá rẹ̀, Marcel, ará Pọ̀bẹ̀ tí wọ́n gbé wá sí ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n fún mi ní ìjókòó. N kò jókòó.

"Ìyá Latifou, ẹ má bínú," ni Romuald wí. "Ohun ìní ìran wa ni mò ń gbé lárugẹ. Bí Ìyá àgbà bá lọ lọ́la ńkọ́? Èdè kan parẹ́ nìyẹn. Mo ti gbà á là."

"Ṣé o tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn?"

"Bí mo bá tọrọ, wọn ò ní fún mi."

"O mọ̀ nígbà náà."

Ó wo ọ̀gá rẹ̀. Marcel gbà á sọ. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kí n jẹ́ kí ọmọ náà wá sílé ní ìrọ̀lẹ́, kó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá ní kọ̀rọ̀, kó parí síbẹ̀.

"Ọ̀gá," mo ní, "ṣé kọ̀rọ̀ ni rédíò yín ti ń sọ̀rọ̀?"

Nígbà tí mo délé, Àdìjá ti dúró dè mí. Ó ní, "Ìwọ tó ń kírun, kí ló kàn ọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn abọ̀rìṣà?" Mo dá a lóhùn pé olè kò ní ẹ̀sìn. Ọlọ́run tí mò ń kírun fún kò sọ fún mi pé ẹrù Mùsùlùmí nìkan ni kí n máa ṣọ́.

Mo ránṣẹ́ sí Bàbá Oyèlékè ní Boni, àbúrò Ìyá. Ọdẹ ni nígbà èwe rẹ̀, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Zém gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Kó tó wọlé, ó tẹ́tí sílẹ̀, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Láti kékeré ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí o dákẹ́," ó ní. "Ó mà pẹ́ kó tó gbọ́ mi."

Ìyá fi abẹ̀bẹ̀ lù ú lórí. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín Ìyá kò ní ìró, ẹ̀rín tiwa náà sì kú lẹ́nu wa.

Bàbá wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ará Òkè kò bínú, Zénabou. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n pè é, ó wá, ó ń retí kí wọ́n fi ọ̀nà hàn án. Ohùn tó pè é wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní dá a padà títí yóò fi gbọ́ ìtúsílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò sì lè tú u sílẹ̀ láìní ohùn."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá?"

"Wọn kì í kọ́ ọkùnrin. Bí yóò bá sì pẹ́ sí i, ohùn nìkan kọ́ ni yóò mú. Wo ọrùn rẹ̀."

Mo ti rí i. Ìyá ti ń gbẹ. Omi kò wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dáadáa mọ́.

"Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn?"

"Ẹni tó fi ohùn onílé pe àlejò, kó jáde síta, kó sọ níwájú ọjà pé òun lòun pè é. Àlejò á fi onílé sílẹ̀, á kọjú sí i."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Lẹ́yìn ìyẹn, kí onítọ̀hún máa gbàdúrà pé kí Ìyá fẹ́ràn òun."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Romuald. Ó ní òun kò ní dójú ti ara òun nítorí àlá àwọn arúgbó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi ohùn náà sí orí rédíò léraléra, bí ẹni tó ń yọ ahọ́n sí wa.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló ṣẹlẹ̀. Mo wà lọ́jà, nítòsí ààrò Chimène. Pọ́tábù ọ̀gbẹ́ni zém kan dún nínú àpò rẹ̀. Ohùn Ìyá pe orúkọ náà bí a ti mọ̀ ọ́n. A rò pé ó parí. Kò parí. Ohùn Ìyá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ní èdè tiwa:

"Mo ti dé. Níbo ni kí n gbà?"

Ọkùnrin náà sọ pọ́tábù sílẹ̀. Òmíràn dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òmíràn dún lọ́dọ̀ àwọn aláṣọ. Ti Chimène dún, òun tó ti pa á rẹ́. Láti gbogbo ọjà, ohùn ìyá ọkọ mi ń béèrè pé, "Mo ti dé. Níbo ni kí n gbà?"

Mo sáré lọ sílé. Ìyá jókòó lágbàlá, ẹnu rẹ̀ pa dé. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí ìhà odò Okpara, ọwọ́ náà ti ń rọ̀ wálẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti nà án. Ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan kò tó láti tú u sílẹ̀. Níwájú rẹ̀, erùpẹ̀ rọra tẹ̀ wọlẹ̀, ó fẹ̀ bí ìdérí ìkòkò ńlá. Òmíràn tún tẹ̀ níwájú ìyẹn, ó sún mọ́ ọn sí i. Kò sí nǹkan kan lórí wọn. Òórùn irun tó jóná gba àgbàlá, pẹ̀lú òórùn òjò lórí àpáta, bẹ́ẹ̀ ìgbà ọyẹ́ la wà.

Rédíò Àdìjá béèrè pé, "Níbo ni kí n gbà?"

Ẹ̀rù bà mí. N kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi ju ẹ̀rù lọ. Mo lọ dúró sáàárín Ìyá àti ibi tí erùpẹ̀ ti tẹ̀.

"Kì í ṣe ilé yìí ni wọ́n ti pè ọ́," mo ní. "Ohùn tó wà lọ́wọ́ rẹ, wọ́n jí i ni. Ẹni tó jí i wà nílé rédíò níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ láràárọ̀, lọ jókòó tì í. Bí o bá fẹ́, tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá yìí kò jẹ ọ́ ní ìdáhùn kankan, n kò sì ní kúrò."

Nǹkan gbígbóná kan fẹ́ sí mi lójú, bí ìgbà tí a bá ṣí ìkòkò. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ń ka ohun tí mo mọ̀ nínú Kùránì, n kò sì dijú. Lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ tutù. Koríko ẹ̀yìn ilé ìdáná dìde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àwọn ewúrẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì gbóná tí Romuald fi dé. Ó fi ọwọ́ gbé bàtà rẹ̀. Kò kí mi.

"Ìyá Latifou, ó wà nínú yàrá tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Símẹ́ńtì ni ilẹ̀ ibẹ̀, kò sí koríko. Ṣùgbọ́n ìjókòó mi ti tẹ̀. Mo gbé òmíràn wá. Èyí tuntun náà ti tẹ̀." Ó ju bàtà rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ sọ fún un pé kó máa lọ."

"Èmi kọ́ ni mo pè é."

"Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ níhìn-ín. Mo ti dọ̀bálẹ̀. Ẹ wò ó, mo ti dọ̀bálẹ̀."

Lóòótọ́ ó ti dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ wà nínú eérú ààrò mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Àánú kò yí ohun tó tọ́ padà.

"Dìde," mo ní. "Ojú ọjà lo ti ná ohun tí o jí. Ojú ọjà ni wàá ti bẹ̀bẹ̀."

Ọjọ́ ọjà ni, oòrùn wà ní àárín orí. Wọ́n gbé míkírò tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò jáde. Marcel fúnra rẹ̀ ló di okùn rẹ̀ mú. Ìyá jókòó lórí àpótí rẹ̀, èyí tí Romuald bá a gbé lọ sí ẹsẹ̀ àpáta. Bàbá Oyèlékè dúró lẹ́yìn rẹ̀ láìwọ bàtà. Àwọn ènìyàn pọ̀, wọn kò pariwo. Gbogbo wa ń wo koríko tó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ààrò Chimène.

Romuald fi ohùn dídùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ní bí òun bá ti ṣẹ ẹnikẹ́ni láìmọ̀, kí wọ́n má bínú. Ó ní ìfẹ́ àṣà ló sún òun dé ibẹ̀. Ó ní gbogbo ènìyàn ló mọ ọkàn òun.

Koríko kò mira.

"Kò tíì gbọ́ nǹkan kan," ni Bàbá Oyèlékè wí.

"Àwa náà kò tíì gbọ́ nǹkan kan," ni Chimène ké láti ìdí agbada rẹ̀.

Òógùn ń kán láti àgbọ̀n Romuald. Ó wo Ìyá. Ó wò mí. Ohùn dídùn náà lọ, ohùn tó kù sì kéré.

"Èmi ni mo pè é," ó ní. "Ìyá kọ́."

Lẹ́yìn ààrò Chimène, koríko rọra dìde. Ó dìde lẹ́bàá àwọn aláṣọ, ó dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó àwọn zém. Ìyá húkọ́, ìkọ́ náà sì ní ìró. Àwọn obìnrin kan bú sẹ́kún. Níwájú Romuald, nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, erùpẹ̀ ọjà tẹ̀ wọlẹ̀, ó fẹ̀ bí ìdérí ìkòkò ńlá.

Ó fẹ́ sún sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. "Ìyá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u sílẹ̀. Ohùn yín ti padà."

Ìyá gbé orí sókè. Ohùn rẹ̀ há bí ilẹ̀kùn tí a kò ṣí fún ìgbà pípẹ́.

"Parí ọ̀rọ̀ rẹ ná."

Erùpẹ̀ tún tẹ̀. Ó ti sún mọ́ ọn débi pé aṣọ àyà rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde, bí ẹni pé nǹkan kan ń mí sí i. Romuald fi ọwọ́ méjèèjì di míkírò mú, a sì gbọ́ ọ ní ọjà, ní Sakin, ní Boni, níbikíbi tí rédíò ti ń sọ̀rọ̀:

"Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀, mo jí ohùn Ìyá Àbẹ̀ní. Ó súre fún mi, mo sì jà á lólè lójú ọ̀nà kan náà. N kò tọrọ, nítorí mo mọ̀ pé wọn ò ní fún mi. Mo gé ìtúsílẹ̀ dànù, nítorí pé kò dùn létí mi. Mo ní mò ń gba èdè là. Irọ́ ni, orúkọ ara mi ni mò ń gbé ga. Kò sí ẹlòmíràn nínú rẹ̀, èmi nìkan ni. Ìyá, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin tí mo kó ìpayà bá, ẹ dárí jì mí. Àti ìwọ tó o dúró níwájú mi, tí n kò rí ọ, mo bẹ ìwọ náà. Mo pè ọ́ jáde kúrò nílé rẹ, n kò sì mọ ibi tí mo máa ní kí o gbà. Dárí jì mí."